Ẹkùn Kẹsàn-án: Libreville, 31 Oṣù Kẹjọ 2016

Aago méjìlá òru. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun parí, Ọjọ́rú wọlé. Àwọn ọmọ àjọ elétò ìdìbò ilẹ̀ Gabon, tí wọ́n ń pè ní CENAP, kò tíì parí iṣẹ́. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ní ará ìlú yóò gbọ́ orúkọ ẹni tó wọlé. Wákàtí méje ti kọjá lórí aago márùn-ún yẹn. Kò sí ẹni tó kéde nǹkan kan.

Ẹkùn mẹ́sàn-án ni Gabon ní. Èsì ẹkùn mẹ́jọ ti wà nílẹ̀. Ọ̀kan ló kù.

Aago mẹ́ta òru. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹjọ, ni àwọn èèyàn dìbò. Ó ti di òru kẹrin báyìí. Òfin tí wọ́n fi dìbò náà kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìbò ààrẹ. Kò sí ìpele kejì; wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú òfin ní 2003. Ẹni tó bá ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ, ìbáà ṣe ìbò kan péré, òun ni ààrẹ fún ọdún méje.

Àwọn méjì ni ojú ìlú wà lára wọn. Ali Bongo Ondimba, ẹni ọdún 57, ti wà lórí àga láti 2009. Bàbá rẹ̀, Omar Bongo, ló wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, láti 1967 títí tó fi kú. Jean Ping, ẹni ọdún 73, ni ẹnì kejì. Ping ṣe mínísítà lábẹ́ bàbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣe alága ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà láti 2008 sí 2012. Ó bí ọmọ méjì pẹ̀lú Pascaline, ẹ̀gbọ́n Ali. Ìjà ẹbí ni, ìjà ìlú náà sì ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ping ti jáde sọ pé òun ló wọlé. Àwọn ti Bongo kò gbà.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, irú ẹ̀ẹ̀rùn Libreville tí ojú ọ̀run máa ń dúdú lójoojúmọ́ tí òjò kò sì ní rọ̀. Atẹ́gùn òkun tutù díẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá àti sójà wà ní oríta. Mọ́tò kò pọ̀ lójú títì. Ilé ìtajà tó yẹ kó ti ṣí, irin ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní Mont-Bouët, ọjà tó tóbi jù ní ìlú náà, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà, Benin, Togo, Kamẹrúùnù àti Mali ti ń ná ọjà pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀, gbogbo ẹni tó ní ẹrù ló ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó pàtẹ.

Aago kan náà ni Libreville àti Èkó ń lò. Ẹni tó bá pe ilé láti Kalikak, àdúgbò kan ní Libreville, ní àárọ̀ yẹn kò nílò láti ka wákàtí kún wákàtí. Fóònù ṣì ń lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun kan náà ni gbogbo èèyàn ń béèrè lórí rẹ̀: ṣé wọ́n ti kéde?

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọ̀nà tí ìbò fi ń rìn dé Libreville kò ṣe é fo. Bí ìdìbò bá parí ní ibùdó, wọ́n á ka ìbò níbẹ̀. Wọ́n á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kan: iye ẹni tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò, iye ẹni tó wá, iye ìbò tí kò dára, iye tí olúkúlùkù rí. Àwọn tó wà níbẹ̀ á buwọ́ lù ú. Ìwé yẹn ni wọ́n ń pè ní procès-verbal. Yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àdúgbò, láti ibẹ̀ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹkùn, láti ibẹ̀ sí CENAP. CENAP á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé á wá kà á fún ará ìlú.

Bí ìwé náà ṣe ń gòkè ni ó ń kúrú sí i. Ní ibùdó, àwọn tó bu ọwọ́ lù ú mọ ojú ara wọn. Tó bá fi máa dé Libreville, ẹkùn kan ti di ìlà kan.

Aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìlà tó kù ni Haut-Ogooué.

Tí wọ́n bá to orúkọ ẹkùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní A, B, D, Estuaire, tí Libreville wà nínú rẹ̀, ló ṣáájú. Haut-Ogooué ló tẹ̀ lé e. Ẹkùn kejì ni nínú ìwé. Ní àárọ̀ yìí, òun ni ẹkùn kẹsàn-án.

Gúúsù ìlà oòrùn ló wà, ó bá ilẹ̀ Congo pààlà. Franceville ni olú ìlú rẹ̀. Savorgnan de Brazza ló tẹ̀ ẹ́ dó fún Faransé ní 1880. Ẹkùn yìí kò fi ìgbà gbogbo jẹ́ ti Gabon. Ní 1925, àwọn Faransé gé e kúrò, wọ́n fi kún Moyen-Congo. Ọdún mọ́kànlélógún ló lò lọ́hùn-ún. Ní 1945, nígbà tí Faransé kọ́kọ́ gbà kí àwọn ọmọ ilẹ̀ díẹ̀ dìbò yan aṣojú sí Paris, wọ́n pa Gabon àti Moyen-Congo pọ̀ di ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo. Jean-Félix Tchicaya, ọmọ Moyen-Congo, fẹ̀yìn Jean-Hilaire Aubame, ọmọ Gabon, balẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pín ẹkùn ńlá yẹn sí méjì. Gabon yan Aubame. Ní 1946 yẹn kan náà ni wọ́n dá Haut-Ogooué padà fún Gabon.

Ohun tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Láti 1962 ni COMILOG ti ń wa manganíìsì ní Moanda. Wọ́n wa yuréníọ̀mù ní Mounana. Nítòsí ibẹ̀, ní Oklo, àwọn onímọ̀ rí i ní 1972 pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dá iná átọ́míìkì ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ojú irin tó so ẹkùn náà mọ́ etíkun, tó lé ní 600 kìlómítà, dé Franceville ní 1986. Ẹni tó mú ojú irin náà dé ibẹ̀ ni Omar Bongo. Lewai ni wọ́n bí i sí, ní Haut-Ogooué, ní 1935. Bongoville ni wọ́n ń pe Lewai báyìí. Ali, ọmọ rẹ̀, ṣojú Bongoville nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kó tó di ààrẹ.

Gbogbo ìlú ló mọ ìtàn yìí. Kò sí ẹni tó rò pé Ping yóò borí níbẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni iye.

Aago méjìlá ọ̀sán. Àwọn alátakò ti ka ẹkùn mẹ́jọ lórí ìwé tiwọn. Ping ló wà níwájú, pẹ̀lú nǹkan bí 60,000 ìbò. Iye ẹni tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò ní Haut-Ogooué lé díẹ̀ ní 71,000.

Ìṣirò náà kò ju èyí tí ọmọ iléèwé lè ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Libreville ló ti ṣe é. Bí ìdajì ẹkùn náà bá dúró sílé, Bongo kò lè bá a. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bá jáde, tí gbogbo wọn sì dìbò fún un láìku ẹnì kan, iye náà kò tíì pé 54,000. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ 60,000, ẹni tó ṣàìsàn ní Haut-Ogooué lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹni tó rin ìrìn àjò kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹni tó kú láti ìgbà tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀.

Ìdí nìyí tí ọkàn àwọn kan fi balẹ̀ ní ọ̀sán yẹn.

Aago méjì ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ ti le nínú CENAP. Àwọn aṣojú alátakò kò gba ìlà kẹsàn-án. Wọ́n fẹ́ rí ìwé ibùdó kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù ní iṣẹ́ ti parí. Àwọn tó fara mọ́ ọn ló pọ̀ jù. Àwọn alátakò dìde, wọ́n jáde. Ìlà náà dúró bó ṣe wà.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Pacôme Moubelet-Boubeya, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, wà níwájú kámẹ́rà. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kà á.

Ali Bongo Ondimba: 177,722 ìbò. Ìdá 49.80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Jean Ping: 172,128 ìbò. Ìdá 48.23.

Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 5,594.

Jákèjádò Gabon, ìdá 59.46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ló jáde. Ní Haut-Ogooué, ìdá 99.93 ni. Nínú èèyàn tó lé ní 71,000, àwọn tí kò wá dìbò jẹ́ nǹkan bí àádọ́ta. Nínú àwọn tó wá, Bongo kó ìdá 95.46.

Mínísítà parí kíkà.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ti bọ́ sí títì. Àwọn kan kọrí sí olú ilé iṣẹ́ CENAP. Àwọn ọlọ́pàá dínà mọ́ wọn. Tajútajú ń bú gbàmù láàárín títì, èéfín funfun ń fẹ́ wọ àdúgbò. Àwọn ọ̀dọ́ ń fa pákó, táyà àti irin sí ojú ọ̀nà. Wọ́n ń dáná sí i. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kò gbèrò mọ́. Àwọn kan ń sá lọ, àwọn kan ń sá bọ̀.

Ojú fóònù ṣì ń tàn. Àwòrán tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ kò lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì ti kú, ní Kalikak, ní àárín ìlú, ní gbogbo Gabon. Yóò tó ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún kó tó padà. Nígbà tó bá sì padà, ojú ọ̀sán nìkan ni wọn yóò máa ṣí i fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan; bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn yóò tún pa á.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Iná ń jó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, lójú òpópónà Triomphal. Ilé ńlá tí àwọn ará Ṣáínà kọ́ ni. Àwọn aṣòfin 120 ló ń jókòó níbẹ̀ nígbà náà. Èéfín dúdú gòkè, gbogbo apá ìlú ló sì rí i. Oòrùn wọ̀. Nígbà tí òkùnkùn ṣú tán, pípọ́n iná yẹn wá hàn dáadáa.

Aago mẹ́jọ alẹ́. Ìró ìbọn ń dún ní àdúgbò kan, ó ń dákẹ́, ó ń dún ní òmíràn. Wọ́n ń fọ́ ilé ìtajà. Àwọn tó ní ẹrù nínú wọn kò lè jáde lọ wò ó. Ìyá ń pe ọmọ, ọmọ ń pe ìyá, lórí fóònù tó ń já.

Ní àdúgbò Charbonnages, ní olú ilé iṣẹ́ ìpolongo Jean Ping, èrò pọ̀. Àwọn kan sá wá síbẹ̀ nítorí pé títì kò ṣe é dúró sí mọ́. Àwọn kan fara pa. Àwọn àgbà olóṣèlú wà níbẹ̀, àwọn tó ti ṣe mínísítà lábẹ́ Omar Bongo. Wọ́n pa ẹnu ọ̀nà dé. Ping kò sí láàárín wọn.

Aago mọ́kànlá alẹ́. Wọ́n ń dúró. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Wọn kò rí ìròyìn kà. Láti inú ọgbà náà, títì ni wọ́n ń tẹ́tí sí.

Aago kan òru, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n gbọ́ hẹlikọ́pítà. Ìró rẹ̀ ń súnmọ́. Ó dúró sórí wọn. Ẹ̀ṣọ́ ààrẹ, Garde républicaine, wọlé láti ilẹ̀. Ìbọn ń dún nínú ọgbà. Àwọn èèyàn ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń fò fẹ́ǹsì, wọ́n ń wọ abẹ́ tábìlì. Ping ní èèyàn méjì kú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́. Ìjọba, láti ẹnu agbẹnusọ rẹ̀, Alain-Claude Bilie By Nze, ní àwọn ọ̀daràn tó dáná sun ilé aṣòfin ni àwọn ń wá. Nígbà tí àwọn oníròyìn rí ọ̀nà wọlé lẹ́yìn náà, àmì ọta ìbọn wà lára ògiri.

Àwọn àgbà olóṣèlú tó wà nínú ọgbà náà, ó lé ní ogún, kò ríbi jáde títí di ọjọ́ Ẹtì. Kí Ọjọ́bọ̀ tó parí, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn ti mú èèyàn 1,000 sí 1,100. Ní ti àwọn tó kú ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìjọba ka mẹ́ta. Iye tí alátakò kà fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ju ìyẹn lọ.

Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, Faransé, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun kan náà: kí Gabon tẹ èsì ìbò jáde ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ní 5 Oṣù Kẹsàn-án, mínísítà ètò ìdájọ́, Séraphin Moundounga, fipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Mariya Gabriel, tó kó àwọn alámòójútó ìbò láti Yúróòpù wá, sọ ohun tí wọ́n rí. Wọn kò lọ bá ẹni tó dìbò. Àwọn tí kò dìbò ni wọ́n kà, pẹ̀lú ìbò tí kò dára. Ní ẹkùn mẹ́jọ, iye wọn rí bí iye wọn ti máa ń rí. Ní Haut-Ogooué nìkan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Gabriel ní ohun tí kò bójú mu wà níbẹ̀, ó sì hàn gbangba.

Àwọn tó ń gbèjà Bongo ní ilé baba rẹ̀ ni, ilé ẹni kì í jẹ́ kí a jìyà. Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀, tí Marie-Madeleine Mborantsuo jẹ́ olórí rẹ̀, dá ẹjọ́ ní òru 23 mọ́jú 24 Oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n ní Bongo ló wọlé, pẹ̀lú ìdá 50.66. Ìdá 47.24 ni ti Ping. Ní ọjọ́ 27, Bongo búra.

A lè gbà fún àwọn tó ń gbèjà rẹ̀. Ká ní lóòótọ́ ni ilé baba fẹ́ràn ọmọ tó bẹ́ẹ̀. Ká fi ìdá 95.46 sílẹ̀ fún Bongo bó ṣe wà, láìyọ ẹyọ kan. Ká wá ní ìwọ̀n tí gbogbo Gabon fi jáde dìbò ni Haut-Ogooué náà fi jáde, ìdá 59.46, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó dúró sílé níbẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n dípò àádọ́ta. Ìbò tó lé ní 25,000 ni yóò jábọ́ kúrò nínú ohun tí Bongo fi ju Ping lọ ní ẹkùn náà. Ohun tí ó fi jù ú lọ ní gbogbo Gabon kò ju 5,594. Ping ni ì bá di ààrẹ.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí Haut-Ogooué fẹ́ ni wọ́n ń jà lé lórí láti òru Ìṣẹ́gun títí di òru Ọjọ́bọ̀. Àwọn tó jáde kúrò níwájú tábìlì kò bèèrè ẹni tí wọ́n dìbò fún. Ẹni tó wá ni wọ́n bèèrè. Iye yẹn kan ṣoṣo ló yan ààrẹ. Ẹkùn mẹ́jọ ti sọ iye tó kù kí wọ́n tó ka ti Haut-Ogooué, òfin kò sì béèrè ju kí ẹnì kan fi ìbò kan ju ẹnì kejì lọ.